Ọta roboto tàbí ọta ṣóńṣó? Bí ẹ ṣe máa ki revolver ẹlẹ́tù dúdú

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra revolver ẹlẹ́tù dúdú: ṣé ọta roboto ni kí n máa kì sí i, àbí èyí tí imú rẹ̀ ṣóńṣó? Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn. Bí ó bá jẹ́ bébà lẹ fẹ́ máa yìn ní pápá, ọta roboto ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Ọta ṣóńṣó ní iṣẹ́ tirẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ sùúrù, ó fẹ́ ìbọn tó gbà á, kò sì gba kánjúkánjú.

Ìbọn tí ọ̀rọ̀ yìí bá wí ni àwọn àwòkọ Colt 1851 Navy, Colt 1860 Army àti Remington New Model Army (èyí tí gbogbo ayé ń pè ní 1858) tí Pietta àti Uberti ń ṣe ní Ítálì, àti Ruger Old Army tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1972 sí 2008.

Kí a lè jọ gbọ́ ara wa: *sílíńdà* ni irin oníhò mẹ́fà tó ń yí. *Ọmú* ni irin kékeré tó yọ sẹ́yìn ihò kọ̀ọ̀kan, tí a ń dé *káàpù* lé, ìyẹn fìlà irin kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù. *Ọ̀pá ìtẹ̀* ni èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, tí a fi ń ti ọta wọ ihò. *Férémù* ni ara ìbọn tó di sílíńdà àti ọ̀pá mú. *Gréènì* ni òṣùwọ̀n ẹ̀tù àti ọta. Gréènì 25 jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.6.

## Òfin ná

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1968 ka irú ìbọn yìí àti àwòkọ rẹ̀ sí ohun àtijọ́, kò kà á mọ́ ìbọn òde òní. Òfin ìpínlẹ̀ lè yàtọ̀ o: ní New Jersey, ìbọn ni ìbọn ń jẹ́. Ní Britain, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí ẹ tó ní in, ìwé àṣẹ ẹ̀tù sì tún dá dúró lọ́tọ̀. Ní Nàìjíríà, ṣakabùlà ọdẹ lè gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́, títí kan èyí tó ń lo káàpù, wà lára àwọn tí òfin kà léèwọ̀. Ẹ má sì di ẹ̀tù tàbí káàpù mọ́ ẹrù nígbà tí ẹ bá ń lọ sílé. Ọkọ̀ òfúrufú kò gbà á, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú àpótí tí ẹ fi sábẹ́ ọkọ̀.

## Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀

Ẹ mú ọta roboto kan lọ́wọ́, kí ẹ yí i bó ṣe wù yín. Kò ní iwájú, kò ní ẹ̀yìn. Bó ti wù kó wọ ihò, kò lè wọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò tíì yìnbọn rí fi lè kì í dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ọta roboto gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀ ju ihò sílíńdà lọ. Bí ọ̀pá ìtẹ̀ bá ń tì í wọlé, etí ihò á gé òjé yíká ara rẹ̀, á já bọ́ bí òrùka tínrín, bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀bẹ bó èèpo ọsàn láìjẹ́ kó já. Òrùka yẹn ni ẹ̀rí yín. Bó bá pé yíká láìlálàfo, ihò ti dí pa, iná kò ní rí ọ̀nà gbà wọlé látiwájú. Bó bá jẹ́ ìlàjì ló já, tàbí tí kò sí òrùka rárá, ọta yẹn kéré jù. Ẹ má yìn ín.

Ọta ṣóńṣó ní tirẹ̀ gùn. Ìdí rẹ̀ sábà máa ń kéré díẹ̀ kó lè kọ́kọ́ wọ ẹnu ihò, kí ara rẹ̀ tó kù tó fún un. Bí ìdí náà bá fi irun orí kan ṣoṣo wọ́ nígbà tí ẹ gbé e sórí ihò, wíwọ́ náà ló máa bá wọlé, wíwọ́ náà ló máa bá jáde. Lórí bébà, ihò rẹ̀ á rí gbọọrọ bíi hóró kọfí, kì í ṣe róbótó.

Ó tún wúwo. Ọta roboto .454 (fífẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, ní ínṣì) jẹ́ nǹkan bíi gréènì 141. Ọta ṣóńṣó tí mọ́ọ̀dù Lee 450-200-1R (ohun tí a ń da òjé yíyọ́ sí) máa ń yọ jẹ́ 200. Ìwúwo yìí ń mú ohun mẹ́ta wá:

- Ó gba àyè ẹ̀tù nínú ihò, nítorí náà ẹ̀tù gbọ́dọ̀ dín kù.
- Agbára tó ń ti férémù sẹ́yìn pọ̀ sí i. Férémù irin lè fara dà á. Ti idẹ kò lè fara dà á pẹ́.
- Bí ìbọn bá ta padà, ọta tó wà nínú àwọn ihò yòókù fẹ́ sún síwájú. Bí ọ̀kan bá yọ imú jáde, sílíńdà kò ní yí mọ́.

Ìlà tó yí nínú ọ̀pá ìbọn náà wà níbẹ̀. Ọta gígùn fẹ́ ìlà tó yí kíákíá kó tó lè fò láìṣe jàgàjàgà. Ruger Old Army ń yí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ínṣì 16, ìdí kan nìyẹn tó fi máa ń bá ọta ṣóńṣó rẹ́ ju ọ̀pọ̀ ìbọn yòókù lọ.

Ta ló wá yẹ kó lo ọta ṣóńṣó? Ẹni tó ń ṣọdẹ ẹran ní tòsí níbi tí òfin gbà á, nítorí ó ń wọlé jìn ju roboto lọ. Ẹni tó fẹ́ máa fi bébà tínrín di ẹ̀tù àti ọta pọ̀ ṣáájú, kó lè ki ìbọn kíákíá. Àti ẹni tó kàn fẹ́ràn wàhálà. A kò bú u.

## Ìwọ̀n ọta àti ẹ̀tù

Ẹ̀tù dúdú FFFg, èyí tó kúnná, ni gbogbo iye yìí dá lé, gréènì ni a fi kà á, òṣùwọ̀n ife ni a sì fi wọ̀n ọ́n. Bí ìwé tó bá ìbọn yín wá bá sọ iye tó kéré sí èyí, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

.36 Navy, férémù irin
- Roboto .375 (bí òrùka kò bá pé, .380): ẹ̀tù 15 sí 20
- Ṣóńṣó gréènì 130: ẹ̀tù 12 sí 15

.44 Pietta tàbí Uberti, férémù irin
- Roboto .451 tàbí .454: ẹ̀tù 22 sí 28
- Ṣóńṣó gréènì 200: ẹ̀tù 18 sí 22

.44 férémù idẹ
- Roboto nìkan: ẹ̀tù 15 sí 20
- Ṣóńṣó: ẹ má dán an wò

Ruger Old Army
- Roboto .457: ẹ̀tù 30 sí 35
- Ṣóńṣó gréènì 220: ẹ̀tù 25 sí 30

Pyrodex P lè rọ́pò ẹ̀tù dúdú, ife fún ife. Triple Seven, arọ́pò mìíràn, lágbára jù ú lọ. Ẹ fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún dín in kù, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi.

Ìkìlọ̀ tí kò ní àfi: ẹ̀tù òde òní, irú èyí tó wà nínú ọta ìbọn ìgbàlódé, kò gbọ́dọ̀ wọ ìbọn yìí, bó ti wù kó kéré mọ. Á fọ́ sílíńdà mọ́ yín lọ́wọ́.

## Kí ẹ tó kúrò nílé

- Òjé rírọ̀ gidi, tí èékánná lè há. Òjé tí wọ́n fi ń gbé táyà dúró déédéé le jù. Òun ló ń ṣẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀.
- Káàpù tó bá ọmú yín mu: #10 tàbí #11.
- Ife òṣùwọ̀n ẹ̀tù, lọ́tọ̀ sí ìgò ẹ̀tù.
- Fẹ́ẹ̀tì (aṣọ nínípọn tí a gé róbótó bí ihò) tí a fi ọ̀rá ra, tàbí ọ̀rá lásán.
- Sẹmó díẹ̀ nínú ike. Bẹ́ẹ̀ ni, sẹmó tí a ń rò jẹ. Ẹ ó rí iṣẹ́ rẹ̀ níwájú.
- Awò ojú àti ohun ìdítí.
- Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fún ojú ọmú, àti ohun tí a fi ń tú ọmú.

Ní ti ọ̀rá: gírísì ọkọ̀ kò dára. Bó bá pàdé iná ẹ̀tù dúdú, á di ọ̀dà mọ́ inú ọ̀pá. Ọ̀rá ẹran tàbí ti igi ni kí ẹ lò. Ẹ yọ́ ìda oyin pọ̀ mọ́ ọ̀rá àgùntàn tàbí òróró ólífì, kó rọ̀ bí ìpara. Òrí náà ṣeé lò bí ẹ bá ní in nílé, ṣùgbọ́n ẹ fi ìda sí i dáadáa, torí òrí nìkan á ti di omi nínú oòrùn kí ẹ tó yin ìbọn kejì. Orí omi gbígbóná ni kí ẹ ti yọ́ ọ, ẹ má gbé e lé iná ní tààrà.

## Bí a ṣe ń ki ọta roboto

1. Ẹ nu òróró kúrò. Ẹ ti aṣọ gbígbẹ gba inú ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà àti ọ̀pá kọjá.
2. Ẹ yin káàpù lásán. Ẹ dé káàpù sórí gbogbo ọmú láìfi ẹ̀tù sí i, ẹ kọ ẹnu ìbọn sí ewé tàbí koríko kan nílẹ̀, kí ẹ sì yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ewé bá mira, ojú ọmú là. Bí kò bá mira, abẹ́rẹ́ ló kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ gbogbo káàpù tí ẹ yìn kúrò.
3. Ẹ gbé òòlù ìbọn dé àárín, kí sílíńdà lè máa yí fàlàlà. Ẹnu ìbọn kọjú sókè, ó sì kọjú kúrò lọ́dọ̀ èèyàn.
4. Ẹ wọn ẹ̀tù sínú ife, kí ẹ tó dà á sínú ihò. Ẹ má da ẹ̀tù tààrà láti inú ìgò. Bí iná díẹ̀ bá kù nínú ihò láti ìyìn tó kọjá, ẹ̀tù inú ife á jó yín níka. Ti inú ìgò á bú gbàmù bíi bọ́ǹbù.
5. Ẹ fi fẹ́ẹ̀tì ọlọ́ràá lé ẹ̀tù. Bí ẹ̀tù bá kéré, ẹ da sẹmó bíi gréènì 10 lé e. Iṣẹ́ sẹmó ni láti gbé ọta súnmọ́ ẹnu ihò, torí bí ọta bá jìn sínú, ó ní láti fò kó tó dé ọ̀pá, ibẹ̀ ló ti ń ṣìnà.
6. Ẹ gbé ọta lé ẹnu ihò, ẹ yí i sábẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ọta roboto bá ní ibi pẹlẹbẹ tí mọ́ọ̀dù gé, ẹ jẹ́ kó kọjú sókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láìdúró, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ti jókòó lórí ẹ̀tù.
7. Ẹ wo òrùka òjé. Ẹ ká a kúrò kó má ha mọ́ sílíńdà.
8. Ẹ ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìbọn rìn, márùn-ún ni kí ẹ kì, kí òòlù sinmi lórí ihò òfìfo.
9. Bí ẹ kò bá lo fẹ́ẹ̀tì, ìgbà yìí ni ẹ ó fi ọ̀rá dí iwájú ihò. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń ba ọwọ́ jẹ́, ìyìn àkọ́kọ́ sì máa ń gbá ti ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dànù. Fẹ́ẹ̀tì sàn jù.
10. Káàpù ló kẹ́yìn, lórí pápá ìyìn nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dé ìdí ọmú pẹ̀lú igi, ẹ má fi òòlù ìbọn tẹ̀ ẹ́. Bí káàpù bá tú, ẹ fún ẹnu rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ kó lè di ọmú mú.

Àfo kò gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹ̀tù àti ohun tó wà lórí rẹ̀. Àṣìṣe tó lè fọ́ ìbọn nìyí, ẹni tó bá bẹ̀rù láti tẹ ọ̀pá mọ́lẹ̀ ló sì sábà máa ń ṣe é.

## Bí ó bá jẹ́ ọta ṣóńṣó

Ìgbésẹ̀ 1 sí 4 kò yí padà, àfi pé ẹ̀tù dín kù. Ibi tó ti yàtọ̀ rèé:

1. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n nílé, láìsí ẹ̀tù. Ẹ gbé ọta lé ẹnu ihò, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i sábẹ́ ọ̀pá ìtẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ àwòkọ 1851, 1860 àti 1858, ojú àyè tí ọta ń gbà wọlé ti kúrú fún ọta gígùn. Imú rẹ̀ á kọ́ irin. Ẹ má fi agbára tì í.
2. Ẹ wo orí ọ̀pá ìtẹ̀. Bí kò bá gba ìrísí imú ọta, á tẹ imú náà wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.
3. Ẹ fi ọ̀rá sínú kòtò tó yí ara ọta ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un.
4. Ẹ da ẹ̀tù, láìfi sẹmó sí i. Bí àyè bá há, ẹ yọ fẹ́ẹ̀tì náà kúrò.
5. Ẹ fi ìka méjì gbé ọta dúró ṣánṣán lórí ihò. Ẹ wò ó láti iwájú, ẹ tún wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà wà. Ẹ má sáré nídìí rẹ̀.
6. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ dúró, ẹ wò ó. Bó bá ń wọ́, ẹ ṣì lè yọ ọ́. Bó bá tọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ parí.
7. Ẹ yí sílíńdà kan yípo tán. Kò sí imú tó gbọ́dọ̀ kan ìdí ọ̀pá ìbọn.
8. Lẹ́yìn ìyìn kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́, ẹ dúró kí ẹ wo iwájú sílíńdà bóyá ọta ti sún. Ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́, ojú àti ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ dé iwájú ihò.

Bí ojú àyè ìbọn yín bá há, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè yọ sílíńdà kúrò, kí ẹ kì í lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ó rọrùn gan-an fún 1858, ọta sì máa ń tọ́ níbẹ̀ ju ti abẹ́ ìbọn lọ. Ọ̀nà kejì ni kí alágbẹ̀dẹ ìbọn fi fáìlì la ojú àyè náà. Ẹ má fún ọmọ iṣẹ́ ṣe é, ẹ má sì ṣe é fúnra yín bí ìbọn náà bá ṣì wà lábẹ́ ìdánilójú ilé iṣẹ́.

## Ohun tó ń bàjẹ́, àti ìdí rẹ̀

Ihò méjì tàbí mẹ́ta dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná ló ràn láti ihò kan sí òmíràn. Ó lè gba iwájú wọlé bí ọta bá kéré tàbí tó wọ́, ó sì lè gba ẹ̀yìn bí káàpù bá tú tàbí tó já bọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọ̀rá dí iwájú, wọ́n á gbàgbé ẹ̀yìn. Ẹ tọ́jú méjèèjì. Nítorí èyí, ọwọ́ kejì yín kò gbọ́dọ̀ wà níwájú sílíńdà láé.

Káàpù fọ́, ó ha sínú ìbọn. Bí ẹ bá ń gbé òòlù, ẹ gbé ẹnu ìbọn sókè kí àfọ́kù lè já bọ́ sẹ́yìn.

Káàpù dún, ìbọn kò dún. Ẹ di ìbọn mú bẹ́ẹ̀, ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí ẹ ń yìn, kí ẹ ka ìṣẹ́jú kan gbáko. Lẹ́yìn náà, káàpù tuntun. Òróró nínú ihò, tàbí ọ̀rá tó yọ́ wọ inú ẹ̀tù, ló sábà máa ń fà á.

Sílíńdà ń le lẹ́yìn ìyìn méjìlá tàbí méjìdínlógún. Ẹ̀gbin ẹ̀tù ni. Ẹ fi aṣọ tútù nu iwájú rẹ̀, kí ẹ kan ọ̀rá díẹ̀ sí ọ̀pá tó ń yí lé.

Roboto àti ṣóńṣó méjèèjì ń fọ́n káàkiri. Ẹ fi kálípà wọn ihò sílíńdà. Nínú àwọn àwòkọ, ihò lè jẹ́ .446 kí ọ̀pá sì jẹ́ .452. Ọta tí ẹ tẹ̀ wọlé ti di .446 kó tó dé ọ̀pá. Kò kún ìlà. Ọta ńlá kò lè wo èyí sàn, torí ihò ló ń gé e. Alágbẹ̀dẹ ìbọn ló lè la àwọn ihò náà kí wọ́n bá ọ̀pá mu.

Férémù idẹ ti ń mì. Àpọ̀jù ẹ̀tù, tàbí ọta ṣóńṣó. Kò sí àtúnṣe tó rọrùn fún un.

## Ẹ jẹ́ kí ìbọn yín fúnra rẹ̀ dáhùn

Ní yáàdì 25, ẹ gbé ọwọ́ lé àpò iyanrìn, kí ẹ yin roboto mẹ́fà sí bébà kan, ṣóńṣó mẹ́fà sí òmíràn. Ẹ nu ìbọn láàárín méjèèjì, kí ẹ̀gbin ìkíní má ba ìkejì jẹ́. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ẹ̀tù tó fi gréènì 2 dín kù tàbí tó lé, láìkọjá iye òkè yẹn. Bébà mẹ́ta fún ọta kọ̀ọ̀kan tó. Ẹyọ kan kò sọ nǹkan kan. Ẹ wo bí ihò ṣe súnmọ́ra, ẹ má wo bí wọ́n ṣe jìnnà sí àárín, nítorí roboto àti ṣóńṣó kì í bà síbi kan náà, àwọn ìbọn wọ̀nyí sì sábà máa ń bà sókè ní yáàdì 25.

Bí ihò ṣóńṣó bá gùn gbọọrọ lórí bébà, ọta ń dojú dé lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ yẹ bí ẹ ṣe ń kì í wò. Bí ó bá ti ń wọlé ṣánṣán tí ihò ṣì gùn, ìlà inú ọ̀pá yín ni kò gbà á. Ẹ padà sí roboto.

## Fífọ̀, lọ́jọ́ kan náà

Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Ìpẹtà kì í sùn. Ẹ tú sílíńdà àti ọmú, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo rẹ̀ títí omi yóò fi mọ́, ẹ gbẹ ẹ́, kí ẹ sì fi òróró tín-ín-rín kùn ún. Kí ẹ tó dá ọmú padà, ẹ kan ọ̀rá díẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń yí wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, nígbà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ tú u, ẹsẹ̀ á ṣẹ́ sínú sílíńdà.